Owó Oṣù Ọ̀gá Kọ́ Ni Wàhálà: Ìrírí Mi Nídìí Ìwé Owó NGO ní Ìbàdàn

Akántáńtì ni mí. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní báńkì, owó NGO ni mò ń bá wọn tọ́jú ní Ìbàdàn níbí. Mo ti ṣe é ní Mọ́kọ́lá, mo ti ṣe é ní Ring Road, Bódìjà ni mo wà báyìí. Èmi ni mo máa ń kọ iye tí ọ̀gá àgbà ń gbà, iye tí dírẹ́bà ń gbà àti iye tí ìyá tó ń gbálẹ̀ ń gbà sórí ìwé kan ṣoṣo, tí màá sì gbé e lọ fún ìbuwọ́lù kí oṣù tó parí. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò lè ṣàìní èrò lórí owó oṣù àwọn ọ̀gá. Èrò tèmi ló kàn yàtọ̀ sí èyí tí mo ń gbọ́ nígboro.

Nígboro, àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ní òun ń ṣiṣẹ́ àánú, owó ọkọ̀ nìkan ló yẹ kó máa gbà, kó fi ìyókù sílẹ̀ de Ọlọ́run. Àwọn mìíràn gbà pé inú NGO ni dọ́là ń gbé, pé kí ọmọ ẹni ṣáà ti rí ẹsẹ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ gun ọ̀kadà kọjá níwájú géètì IITA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn lọ́nà Mọ́níyà, ẹ ó gbọ́ ìtàn nípa owó tó wà nínú ọgbà yẹn tí àwọn tó ń gbénú rẹ̀ gan-an kò gbọ́ rí. Àti ẹni tó ń bú wọn àti ẹni tó ń jowú wọn, iye owó ni wọ́n jọ ń wò. Èmi ti wo iye náà títí. Iye tí a kọ síwájú orúkọ ọ̀gá kì í sábà ba NGO jẹ́. Ohun tí ọ̀gá ń gbà tí a kò pè ní owó oṣù ló ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti orí ọ̀gá kan tí kì í gbowó oṣù rárá.

Òun ló dá NGO náà sílẹ̀, òun náà ni ọ̀gá àgbà, ó sì tún wà nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó. Alàgbà ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí ibi tó dé tí kì í ti í sọ pé, "Kọ́bọ̀ kan èmi ò gbà nínú owó yìí," àwọn èèyàn á sì pàtẹ́wọ́. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Mo ṣe ìwé owó oṣù ibẹ̀ títí mo fi kúrò, orúkọ rẹ̀ kò wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fáúṣà ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. Ìlàjì dísẹ́ẹ̀lì tí à ń rà fún jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì, ilé rẹ̀ ní Àkóbọ̀ ló ń lọ. Hilux tí wọ́n rà fún wa fún àbẹ̀wò abúlé ló ń gbé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé, dírẹ́bà wa ló sì ń wà á. Gáàdì tó ń ṣí géètì ilé rẹ̀ wà lórí ìwé owó oṣù wa gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ààbò ọ́fíìsì. Owó fóònù ń bẹ níbẹ̀, owó DStv ń bẹ níbẹ̀. Bó bá ń lọ sí ìpàdé lókè òkun, tíkẹ́ẹ̀tì méjì là ń rà, wọ́n ní àgbà kì í dá rìn.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sójú Excel kan. Àròpọ̀ rẹ̀ ju owó tí à bá san fún ọ̀gá àgbà tí a fi ìwé gbà síṣẹ́ lọ dáadáa. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ bá a. Ó wọ jígí ojú rẹ̀, ó yẹ ìwé náà wò, ìka rẹ̀ dúró lórí dísẹ́ẹ̀lì.

"Dísẹ́ẹ̀lì ilé mi ni ìwọ ọmọ yìí wá ń kà báyìí?"

"Rárá o, sà. Ọ́dítọ̀ ló máa kà á. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi hàn yín ni."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bù ú sínú abọ́ kan, ká lè mọ bó ṣe pọ̀ tó."

Kò dá mi lóhùn lórí abọ́, kò sì kí mi dáadáa títí oṣù yẹn fi parí. Èèyàn burúkú kọ́. Ó fi owó ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ NGO náà, ó gba àwọn ọmọ púpọ̀ kúrò lójú pópó. Ibi tó dùn mí sí ni pé kò sí ẹni tó lè bi í ní nǹkan kan. Gbèsè ọpẹ́ la jẹ ẹ́, gbèsè ọpẹ́ kì í sì í tán. Ẹni tó ń gbowó oṣù, tí a bá ti san án lọ́jọ́ 25, ó parí, a lè bi í léèrè iṣẹ́ lọ́jọ́ 26. Ẹni tó ní òun ò gbowó, bí o bá bi í léèrè epo, aláìmoore ni ẹ́.

Òfin Nàìjíríà gan-an ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn èèyàn kì í sì í mọ̀. Òfin CAMA ti ọdún 2020, èyí tó de iléeṣẹ́ àti àjọ, ní abala 838, sọ pé owó àjọ tí a forúkọ àwọn alábòójútó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, iṣẹ́ tí àjọ náà wà fún ni kí wọ́n ná an lé, wọn kò gbọ́dọ̀ pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ bí èrè. Ó gbà kí wọ́n san owó tó tọ́, tó sì yẹ, fún òṣìṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ní ẹni tó bá jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ kò gbọ́dọ̀ gba ipò tí à ń san owó oṣù fún, àyàfi ẹni tó jẹ́ pé ipò rẹ̀ ló gbé e jókòó síbẹ̀. Ẹ wá wo Alàgbà. Kò fẹ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má gba NGO náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sì lè gbowó oṣù bó bá jókòó síbẹ̀. Kí ló kù? Dísẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tí mo dé Bódìjà, àjọ Amẹ́ríkà ńlá kan ni à ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ ìjọba wọn, wọ́n gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún wa. Wọ́n máa ń bi wá ní ìbéèrè títí dórí rìsíìtì omi inú ọ̀rá. Inú bí mi lọ́jọ́ kan, mo ní kí èmi náà lọ wo tiwọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Fọ́ọ̀mù 990. Ọ̀pọ̀ àjọ tí kò san owó orí ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn agbowó-orí lọ́dọọdún (àwọn ilé ìjọsìn ni a yọ sílẹ̀), ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á. ProPublica, ilé ìròyìn kan lọ́hùn-ún, ti kó wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2013. Mo jókòó sínú ọ́fíìsì ní Bódìjà, mo fi dátà ara mi ka iye tí ọ̀gá àwọn ọ̀gá wa ń gbà ní Washington, orúkọ rẹ̀ ń bẹ níwájú rẹ̀, ti àwọn igbákejì rẹ̀ tẹ̀ lé e. Owó náà pọ̀, mi ò ní parọ́. Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà, mo tún un ṣírò.

Ṣùgbọ́n apá kan nínú fọ́ọ̀mù náà, tí wọ́n ń pè ní Schedule J, ló mú mi rẹ́rìn-ín. Ó ń béèrè: ṣé ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó àwọn ọlọ́lá fún ọ̀gá? Ṣé ẹ san owó ọkọ̀ ẹni tó bá a rìn? Ṣé ẹ fún un ní ilé tàbí owó ilé? Ṣé ẹ bá a san owó orí tirẹ̀? Ṣé ẹ san owó ẹgbẹ́ fàájì fún un? Ṣé ẹ gba ọmọ ọ̀dọ̀, dírẹ́bà tàbí agbọ́únjẹ fún un? Ẹni tó kọ ìbéèrè wọ̀nyí ti gbé ọ̀dọ̀ Alàgbà rí, mo fẹ́ búra.

Ohun ìtìjú ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. William Aramony ni ọ̀gá àgbà United Way of America, ọ̀kan lára àwọn àjọ aláàánú tó tóbi jù lọ lọ́hùn-ún. Owó rẹ̀ lọ́dún kan, pẹ̀lú àjẹmọ́nú, lé ní 460,000 dọ́là. Nígbà tí ìwé ìròyìn tú bó ṣe ń náwó síta, ó fipò sílẹ̀ lọ́dún 1992, nígbà tó sì di 1995, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ẹ̀tàn, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 7. Àwọn èèyàn pariwo lórí owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù yẹn, ìgbìmọ̀ rẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Owó àjọ tó fi ń ṣe fàájì àti ìrìn àjò ti ara rẹ̀ ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n.

Ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà wá ṣe òfin lórí àjẹjù àwọn ọ̀gá. Kò sọ pé iye báyìí ni kí ọ̀gá má kọjá. Ohun tó sọ ni pé bí ọ̀gá bá gbà ju ohun tó yẹ lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dá àjẹjù náà padà, yóò sì san ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ fún ìjọba. Bó bá kọ̀ tí kò dá a padà, ó di ìdá 200. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó mọ̀ pé kò tọ́ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i náà ní tiwọn láti san. Ibi tó wọ̀ mí lára jù nínú òfin yẹn ni èyí: bí àjọ bá fún ọ̀gá ní mọ́tò tàbí ilé, tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé ara owó iṣẹ́ rẹ̀ ni, àjẹjù ni wọn yóò kà á sí, bí àpapọ̀ ohun tó ń gbà kò bá tilẹ̀ pọ̀. Ẹ ò rí i? Ẹni tó ń gba ìdajì mílíọ̀nù dọ́là pẹ̀lú ìwé lè sùn fọnfọn, kí ẹni tó ń gba ìdá mẹ́wàá rẹ̀ láìsí ìwé máa wá lọ́yà.

Wọ́n tún ṣe òmíràn lọ́dún 2017: bí àjọ bá san ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún fún ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbowó jù níbẹ̀, àjọ náà yóò san ìdá 21 lórí èyí tó lé. Ilé ìwòsàn àti yunifásítì ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń kàn, nítorí lọ́hùn-ún, inú àwọn àjọ tí kò wá èrè ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá wà, ọ̀gá wọn sì ń gba owó tí olówó báńkì ń gbà. Àwọn tó ń fún ọmọ aláìní lóúnjẹ kì í débẹ̀. Ní Ìlú Ọba, àwọn àjọ aláàánú ńlá gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìṣirò ọdún wọn pé òṣìṣẹ́ mélòó ló ń gbà ju 60,000 pọ́n-ùn lọ, ní ìpele 10,000, 10,000.

Tiwa ńkọ́? CAMA kan náà, ní abala 848, ní kí àjọ máa fi ìròyìn ránṣẹ́ lọ́dọọdún, láàárín ọjọ́ 30 oṣù kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Ó béèrè orúkọ, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ àwọn alábòójútó. Ó béèrè nípa ilẹ̀ tí àjọ náà ní. Mo máa ń kọ ọ́ lọ́dọọdún, ojú ibi tí ó ti ní kí n kọ iye tí ọ̀gá àgbà ń gbà, mi ò tíì bá a pàdé. Ilẹ̀ ni òfin wa ń ṣọ́. Àfi bí ẹni pé ọmọ Yorùbá ló kọ ọ́, àbí ẹ̀yin ò rí i?

Nǹkan tó wá ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé owó oṣù lè di àṣírí láìsí ẹni tó fi í pamọ́. Dókítà ni ọ̀gá àgbà wa, obìnrin tó mọ iṣẹ́, tí kì í pẹ́ dé ọ́fíìsì, tí kò fi epo ọ́fíìsì lọ òde àríyá rí. Nígbà tí wọ́n gbà á, bọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn Amẹ́ríkà wà ní dọ́là, wọ́n sì kọ owó oṣù rẹ̀ bẹ́ẹ̀: 2,500 dọ́là, kí a máa san án ní náírà ní iye tí báńkì bá ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ owó oṣù. Àwa ìyókù, náírà ni wọ́n kọ tiwa. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2023, dọ́là kan wà ní bíi 460 náírà, owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan àti 150,000. Ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa ń gba 35,000, ó sì lé díẹ̀ lórí 30,000 tí ìjọba fi ṣe owó tó kéré jù nígbà náà.

Oṣù kẹfà ni ìjọba tú náírà sílẹ̀. Mo ń ṣe ìwé owó oṣù bí mo ṣe ń ṣe é: mo tẹ iye dọ́là tuntun sínú àpótí kan lójú kọ̀ǹpútà, àpótí kejì sì yí padà fúnra rẹ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2024 tí dọ́là wà ní bíi 1,500, owó Dókítà ti di mílíọ̀nù mẹ́ta àti 750,000. Ìyá alágbàálẹ̀ ṣì wà lórí 35,000. Tẹ́lẹ̀, owó ọ̀gá jẹ́ bíi ìlọ́po 33 tirẹ̀. Ó ti wá di ìlọ́po 107. Ìgbìmọ̀ kan kò jókòó. Ẹnikẹ́ni kò béèrè fún àfikún. Kò sí lẹ́tà, kò sí àkọsílẹ̀ ìpàdé, kò sí ẹni tó jalè. Èmi nìkan ló ń rí i lóṣooṣù, nítorí èmi nìkan ló ń kọ orúkọ àwọn méjèèjì sójú ìwé kan náà.

Mo kọ ìwé kékeré sí alága ìgbìmọ̀, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Secretariat Agodi. Màmá là ń pè é. Màmá ní kí n wá ohun tí àwọn ọ̀gá NGO tó jọ tiwa ń gbà wá, kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Ní Amẹ́ríkà, èyí kò le: fọ́ọ̀mù 990 àwọn ẹlòmíràn wà níbẹ̀, wíwò ni èèyàn máa wò ó. Níbí, mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lórí fóònù títí etí mi fi gbóná. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?" Òmíràn sọ iye kan, ó pè mí padà lálẹ́ pé òun ò sọ nǹkan kan. Nígbẹ̀yìn, mo lo CONMESS, ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó àwọn dókítà, láti mọ ohun tí dókítà àgbà tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCH ń gbà. Mo fi ìkéde iṣẹ́ tó sọ iye owó kún un, mo tún fi bọ́jẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wa kún un. Kò pé, ṣùgbọ́n ó sàn ju àhesọ lọ.

Ọjọ́ ìpàdé, gbogbo wa jókòó, Dókítà náà jókòó. Màmá bọ́ jígí ojú rẹ̀ sórí tábìlì.

"Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ fi ojú kan afẹ́fẹ́ níta, a ó pè yín."

"Màmá, mo lè jókòó láìsọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ mi náà ni."

"Mo mọ̀ pé ẹ lè dákẹ́, ọmọ mi. Àwa tí ẹ máa máa wò lójú ni a ò ní lè sọ̀rọ̀."

Ó jáde. Ìgbà tí ilẹ̀kùn pa dé tán ni àwọn ọkùnrin méjì tí wọn kì í sọ nǹkan kan nípàdé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo ti jókòó nínú ìpàdé NGO tó pọ̀, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ní kí ọ̀gá jáde rí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́. Ta ni yóò wo ojú àgbà, tàbí ojú dókítà, kó ní owó yín pọ̀ jù? A ó ní "ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀," a ó mu mínírà, a ó tú ká. Ìyàtọ̀ tí yíyọ ẹnì kan kúrò nínú yàrá fún ìwọ̀n wákàtí kan ń ṣe, mi ò mọ òfin tó lè ṣe irú rẹ̀.

Àríyànjiyàn náà kò rọrùn o. Nígbà tí wọ́n pe Dókítà padà, ó ní, "Dọ́là ni wọ́n fún wa, dọ́là ni wọ́n kọ síwájú orúkọ mi nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá san án ní náírà tó kéré, ta ló ni ìyókù?" Òótọ́ ló sọ. Àwọn àjọ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí 2,500 dọ́là, ọjà náà sì ti wọ́n fún òun náà bó ṣe wọ́n fún gbogbo wa. Màmá wá dá a lóhùn: "Dọ́là tí wọ́n kọ síwájú orúkọ alágbàálẹ̀ nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì kan náà, ta ló ni ìyókù tirẹ̀?" Yàrá dákẹ́. Lóòótọ́, bọ́jẹ́ẹ̀tì gbogbo wa wà ní dọ́là. Ẹnì kan ṣoṣo ni lẹ́tà rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

A kọ̀wé sí àwọn Amẹ́ríkà, wọ́n gbà. Owó Dókítà di náírà, mílíọ̀nù méjì àti díẹ̀, tí ìgbìmọ̀ yóò máa yẹ̀ wò ní oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún pẹ̀lú ìwé ohun tí wọ́n fi wé e. Èrè orí dọ́là, gbogbo òṣìṣẹ́ ló pín nínú rẹ̀. Ìyá alágbàálẹ̀ bọ́ sí 60,000. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ sọ owó oṣù tó kéré jù di 80,000, a bá wọn lọ. Dókítà fọwọ́ sí lẹ́tà tuntun. Kí ọdún tó parí, ó ti gba iṣẹ́ sí Àbújá, lọ́dọ̀ àjọ àgbáyé kan tó ń san dọ́là.

Mo ṣì gbà pé ohun tó tọ́ la ṣe. Ó ná wa lówó. Ọ̀pọ̀ oṣù la fi wà láìní ọ̀gá àgbà, ìròyìn tó yẹ ká kọ fún àwọn tó ń fún wa lówó pẹ́, wọ́n sì dá apá kan nínú owó dúró. Ìdí nìyẹn tí n kì í bá àwọn tó ní "owó ọkọ̀ tó wọn" jókòó. Ẹni tó lè ka bọ́jẹ́ẹ̀tì, tó lè bá mínísítà sọ̀rọ̀, tó sì lè dá ìyá ọlọ́mọ lóhùn ní Ìgbó-Ọrà lọ́jọ́ kan náà kò pọ̀ nígboro, àwọn mìíràn sì ń wá a. Ẹ má sì gbàgbé ibi tí owó oṣù rẹ̀ ti ń wá. Owó tí wọ́n fún wa fún iṣẹ́ kan ń san ìdá díẹ̀ nínú àkókò rẹ̀, èyí tí wọ́n fún wa fún iṣẹ́ mìíràn ń san ìdá mìíràn, ìyókù ni kí a wá nínú owó àbójútó ọ́fíìsì. Àjọ tó ń ná owó ìjọba Amẹ́ríkà, tí kò ní àdéhùn tirẹ̀ pẹ̀lú wọn lórí owó àbójútó yìí, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà á láyè tẹ́lẹ̀ láti fi ṣe é. Oṣù kẹwàá 2024 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sún un sí 15. Inú ìdá yẹn ni rẹ́ǹtì wà, inú rẹ̀ ni dísẹ́ẹ̀lì wà, inú rẹ̀ ni èmi náà wà.

Lẹ́yìn náà ni oṣù kìn-ín-ní 2025 dé. Ọjọ́ 20 ni ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé tó dá owó ìrànwọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró, nígbà tó sì fi di ọjọ́ 1 oṣù keje, USAID, àjọ ìjọba wọn tó ń pín owó náà, ti kógbá sílé. Owó tó ń gba ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá wa ní Washington wá dáwọ́ dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ abúlé wa tí à ń fún lówó ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ kàn. Ọ̀kan nínú wọn pè mí, ó béèrè bóyá àwọn ọ̀gá lọ́hùn-ún náà ti dẹ́kun gbígba owó oṣù. Mo ní kó jẹ́ kí fọ́ọ̀mù ọdún náà jáde, a ó jọ kà á.

Owó díẹ̀ tó kù, ti ilé iṣẹ́ àánú kan ní Yúróòpù àti ti àwọn ọlọ́lá Ìbàdàn kan, la fi ń wá ọ̀gá àgbà tuntun. A ti rí i. Òṣogbo ló ti ń bọ̀, ó mọ iṣẹ́, owó tó béèrè kò pọ̀ jù. Ohun tó kù ni ilé. Ó ní òun nílò ibi tí òun àti àwọn ọmọ òun yóò wà. Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a gba ilé fún un lórúkọ ọ́fíìsì, kí a má dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà, kí ó má bàa wọ owó ìfẹ̀yìntì. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ń fi fi àjẹmọ́nú pamọ́ gan-an nìyẹn: owó oṣù gidi, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, agbanisíṣẹ́ á mú ìdá 10 wá, òṣìṣẹ́ á mú 8. Mo ní rárá, kí a kọ owó ilé síbẹ̀ ní owó ilé, kí ìdá 10 náà wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ó ní mo le jù. A jiyàn títí wọ́n fi wá ti ilé ìpàdé mọ́ wa lórí. Màmá ní kí n lọ béèrè iye tí ilé oníyàrá mẹ́ta jẹ́ ní Bódìjà àti ní Àkóbọ̀, kí n mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ó ní kí n má wulẹ̀ béèrè ti Jericho.